Àwo Verna àti Àpótí Ọ̀gbẹ́ni Hayashida

Iṣẹ́ tí Verna Hlavaty ń ṣe jẹun ni kó máa wo ojú ènìyàn. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to tẹlifíṣọ̀n ní Marlow Fork, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá ni tirẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n yóò gba ọwọ́ gbogbo ènìyàn kọjá kó tó dé iwájú rẹ̀. Yóò tàn án, yóò wo ojú ẹni tó bá yọ síbẹ̀, yóò sì máa yí bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí awọ ojú náà yóò fi dà bí awọ ojú alààyè: kó má pọ́n bíi ti ẹni tó mutí yó, kó má sì funfun bíi ti òkú. Iṣẹ́ yìí ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, bí ojú àlùfáà bá pọ́n jù lórí pẹpẹ, ìka Verna a máa yún un.

Emil ọkọ rẹ̀ kú nínú oṣù kejì ọdún náà, nígbà tí òjò dídì ṣì bo ilẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì sun ẹ̀gbẹ́ kan ibùsùn fún ọgbọ̀n ọdún kò lè mọ bí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣe ń tutù tó. Ilé dákẹ́. Fìlà Emil wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó lè ká a kúrò. Ohun méjì péré ló kù tí Verna fi ń mọ̀ pé òun ṣì wà láàyè: ìjókòó ìkẹyìn yẹn, àti àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán nídìí tábìlì kan. Bí èyí bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò máa jí ṣe láàárọ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi ń fura. Ìfura loògùn àgbà. Páńsá ò fura, páńsá jááná. Àjà ò fura, àjà jìn.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni àwọn ará Japan ti ra ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Kò sí aburú kan tó tíì ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún òrùlé tó ń jò ṣe, wọ́n kun ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọ̀dà, wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Ẹni tó ra ewúrẹ́ rẹ tí kò pa á, tó ń fún un ní koríko tútù láràárọ̀, tí kò sì sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe, ta ni yóò fọkàn balẹ̀ níwájú rẹ̀?

Ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá iṣẹ́ níbi ìlà tiwọn ń jẹ́ Hayashida. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́, onídákẹ́jẹ́ẹ́. A máa dúró lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú aago kékeré lọ́wọ́, á wo ọwọ́ wọn, á mi orí, á sì lọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà pé mọ́tò ilẹ̀ òkèèrè kankan kò gbọdọ̀ dúró nítòsí. Kó lọ dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ojú irin. Hayashida ka pátákó náà, ó lọ ra mọ́tò Amẹ́ríkà. Wọn ò dárí ìyẹn náà jì í.

"Wọ́n ra ilé iṣẹ́," ni Wade Pickett wí nídìí oúnjẹ, ọkùnrin aláwàdà tí ń so wáyà, "ó tún wá ra mọ́tò wa. Kí ló kù? Ìyàwó mi? Kó kúkú máa mú un lọ, kó bá mi ra bàtà fún un."

"Bó bá rí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ, á dá a padà," ni Arlene Stuckey dáhùn.

Arlene ni ọ̀rẹ́ Verna láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Ìjókòó tó ṣáájú tirẹ̀ ni Arlene ń jókòó sí. Òun ló ń de ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n pa. Nígbà tí Emil kú, Arlene ló sùn ti Verna, tó ń fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ìlú yẹn, gbogbo ohun tí ènìyàn mọ̀ nípa ará Japan, orí tẹlifíṣọ̀n ló ti mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, eré apanilẹ́rìn-ín kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdílé Tolliver. Buck Tolliver ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ táyà. Ará Japan kan tó ń jẹ́ Sato ti ra ibẹ̀. Sato a máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á tẹríba wọlé, á tẹríba jáde, gbogbo ìgbà tó bá sì ti tẹríba ni nǹkan kan yóò bọ́ lọ́wọ́ Buck: àkókò oúnjẹ rẹ̀, àga rẹ̀, ibi tó ń gbé mọ́tò sí. Ẹni tó ń ṣe Sato yẹn, ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí sí Kalifọ́níà ni, kò dé Japan rí. Orílẹ̀-èdè ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ohun kan náà tí àwọn olóṣèlú ń fi ìbínú pariwo, tí ìwé ìròyìn ń fi ìbẹ̀rù kọ, pé àjèjì ń ra ilé gogoro, pé mọ́tò wọn ti gba títì lọ́wọ́ mọ́tò wa, òun náà ni Buck ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí apá ò bá ká, ẹnu là ń fi í ṣe.

Emil fẹ́ràn eré náà. Ní ìgbà ayé rẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ikọ́ náà ṣe rọlẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó ní: "Verna, o rántí nígbà tí a wà lọ́mọdé? Àjèjì inú eré, aṣọ ló ń fọ̀. Ní báyìí òun ló ni ilé ìfọṣọ, Buck ló ń fọṣọ. Ẹ̀rín wo là ń rín gan-an?"

Lẹ́yìn tí Emil kú ni Verna wá ń gbọ́ eré náà dáadáa. Nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tan tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì máa ń tún èyí tó ti kọjá gbé jáde lọ́sàn-án, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn òǹwòran inú rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ gbogbo. Ó wá ṣàkíyèsí ohùn obìnrin kan láàárín ẹ̀rín náà, ohùn tó máa ń parí pẹ̀lú ìsúkè. Bí Sato bá ti tẹríba báyìí, obìnrin yẹn á rẹ́rìn-ín, á sukè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sato tún tẹríba, obìnrin kan náà, ìsúkè kan náà.

"Inú àpótí ni wọ́n kó ẹ̀rín sí," ló sọ fún Arlene. "Ẹnìkan ló ń ṣí i síta nígbà tó bá fẹ́ ká rẹ́rìn-ín."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ó dùn, à ń rín in. Ṣé torí pé ìwọ ò rẹ́rìn-ín mọ́, kí gbogbo ayé wá panu mọ́?"

Verna rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè lọ.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ìròyìn dé pé ìyá Hayashida kú ní Japan. Ọkùnrin náà lọ sin ín, ó padà dé, ó tún dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú aago. Ṣùgbọ́n Verna wo ojú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ojú. Ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n tí nǹkan pupa inú rẹ̀ ti jáde tán.

Àṣà Marlow Fork ni pé bí òkú bá kú nílé kan, oúnjẹ ni gbogbo àdúgbò yóò gbé lọ síbẹ̀ nínú àwo dígí jíjìn tí iná kì í fọ́. Olúkúlùkù a kọ orúkọ rẹ̀ sórí tépù, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àwo, kí ọlọ́fọ̀ lè mọ ẹni tí yóò dá a padà fún. Nígbà tí Emil kú, àwo kún tábìlì Verna dé etí. Ó fọ gbogbo wọn, ó sì kiri ìlú pẹ̀lú wọn. Nítorí náà, ó se makaróní pọ̀ mọ́ ẹja inú agolo àti wàràkàṣì, ó fọ́ ọ̀dùnkún díndín sórí rẹ̀ kó lè ta pépé, ó yan án, ó sì gbé e lọ sílé Hayashida. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin kúkúrú kan tí ń jẹ́ Tomoe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà, ó tẹríba títí Verna ò fi mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"O gbé oúnjẹ lọ fún Sato?" ni Arlene béèrè lọ́jọ́ kejì. Sato ni wọ́n ń pe Hayashida lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ kú."

"Ìyá tèmi náà kú. Kí ló gbé wá fún mi?"

"Kò tíì dé ìlú yìí nígbà náà, Arlene."

"Kó má dé rárá ni ìbá dáa."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwo ò padà. Ọ̀sẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ní ìlú yẹn, ẹni tí kò bá dá àwo padà, ọmọlúàbí kọ́. Wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ètè yíyí. Verna fẹ́ràn àwo náà, ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Emil ni wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wade gbọ́, ó ní: "Ìyàwó Emil, gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ti gbé e ránṣẹ́ sí Japan. Wọ́n ń tú u wò. Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá rí irú ẹ̀ lọ́jà, á kéré ju tìẹ lọ, á dáa ju tìẹ lọ, owó ẹ̀ á sì dín sí ìdajì." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Verna náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń ro ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tún dé nínú oṣù kọkànlá. Nínú eré, Sato gbé àpótí kan tí wọ́n fi bébà dáradára dì wá fún Lester, aládùúgbò Buck tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó tẹríba. Inú Lester dùn, ó ń jó yí ilé ká. Bí ilẹ̀ ti mọ́, Lester dé ibi iṣẹ́, ó bá ẹ̀rọ kan tó ní apá irin lórí àga rẹ̀. Ẹ̀rọ náà tẹríba fún un. Obìnrin inú ẹ̀rín rẹ́rìn-ín, ó sukè.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, Verna ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá àpótí kan lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Bébà funfun ni wọ́n fi dì í, eteetí rẹ̀ ká gún régé bí ẹni pé ẹ̀rọ ló dì í. Káàdì wà lórí rẹ̀: Hayashida. Kò sí àwo níbẹ̀.

Ó gbé àpótí náà sórí tábìlì, ó jókòó tì í láìbọ́ ẹ̀wù òtútù. Ó mì í, kò dún. Ó fi etí sí i. Ẹni bá rí i ní ìrọ̀lẹ́ yẹn yóò rò pé ejò ló wà nínú rẹ̀. Ó rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Hayashida pẹ́ lẹ́yìn òun àti Arlene ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, aago lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ó fi tẹlifóònù pe Arlene.

"Má ṣí i," ni Arlene wí. "Bó o bá ṣí i, o ti gbà nìyẹn. Ṣé o ò rí Lester?"

"Mo rí Lester."

"Gbé e padà fún un, lójú gbogbo ènìyàn. Kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, Verna gbé àpótí náà wọ yàrá ìjẹun. Hayashida dá jókòó sídìí fèrèsé, bí ìṣe rẹ̀. Verna gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Hayashida, bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Ẹ má dì í ní bébà."

Ọkùnrin náà wo àpótí, ó wo Verna. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lójú rẹ̀ wábi gbà. Ó dìde, ó tẹríba. Bó ṣe tẹríba báyìí, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn Verna, yàrá sì gba ẹ̀rín náà, láti tábìlì dé tábìlì. Hayashida gbé àpótí rẹ̀, ó jáde. Verna ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó gbọ́ ló dá a dúró: nínú gbogbo ẹ̀rín yẹn, ti Arlene ga jù, ó sì parí pẹ̀lú ìsúkè.

Lọ́jọ́ kejì, bí Verna ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́yìn iṣẹ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Tomoe ni. Àpótí wà lábẹ́ apá rẹ̀, àwo dígí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń jáde ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀. Mo rí orúkọ yín nídìí àwo. Mo rò pé ẹ kọ ọ́ ká má baà gbàgbé ẹni tó fún wa lẹ́bùn. Mo gbé e síwájú fọ́tò ìyá ọkọ mi. Lónìí ni aládùúgbò wa sọ fún mi pé àwo ń lọ sílé."

"Àpótí wá ńkọ́?"

"Nílé wa, ẹni tó bá bá wa kẹ́dùn, tí ọ̀sẹ̀ méje bá pé, a ó fún un ní nǹkan. Táwẹ̀lì. Tíì. Ọṣẹ. Ohun tó máa ń tán." Ó wá ọ̀rọ̀ títí. "Kí ìbànújẹ́ lè bá a tán."

Verna dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Fìlà Emil wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìṣó. "Tèmi ò tíì tán," ló sọ.

"Tiwa náà ò tíì tán," ni Tomoe wí.

Verna mú un wọlé, ó se kọ́fí fún un. Wọ́n ṣí àpótí náà papọ̀: táwẹ̀lì méjì, tíì nínú agolo pẹlẹbẹ. Ìtìjú mú Verna débi pé kò lè gbé ojú sókè. Síbẹ̀, ìfura tó bá ti ta gbòǹgbò kì í tú lọ́jọ́ kan. Bí àlejò ti ń wọ bàtà, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Tomoe ní ọkọ òun kì í mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wálé.

Verna wá dúró de Hayashida lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ó ní: "Mo ti mọ ti àpótí. Aago yẹn ni mi ò tíì mọ̀. Kí ni ẹ ń fi í wò?"

Hayashida yọ aago náà lápò, ó gbé e sórí mọ́tò kí Verna lè rí i. Ẹni tó fẹ́ purọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Bí iṣẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó ni. Ẹ̀rọ ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun," ló wí. "Kì í ṣe ìjókòó yín. Èyí tó ṣáájú yín ni."

Àpótí mọ́, aago ò mọ́. Irọ́ ni tẹlifíṣọ̀n pa nípa ẹ̀bùn, òótọ́ ló sọ nípa apá irin. Verna ń rìn lọ sílé láìmọ̀ pé òun ń rìn. Bí òun bá dákẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni òun. Kò dákẹ́. Ilé Arlene ló kọ́kọ́ yà sí, ó sì sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Arlene ń bó ọ̀dùnkún. Kò dá ọ̀bẹ dúró. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Hayashida fúnra ẹ̀. Mo bi í ni."

"Ó sọ fún ìwọ, kò sọ fún mi. Ìyàwó ẹ̀ sì jókòó nílé rẹ lánàá, mọ́tò wọn wà níta, gbogbo àdúgbò rí i. Àpótí ńkọ́?"

"Ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e wá, Arlene. Òkú ìyá ẹ̀ ni. Táwẹ̀lì ló wà nínú ẹ̀."

"Gbọ́, Verna." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ wàyí. "Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó gba àpótí ló lọ. Ìwọ lo gba àpótí, èmi ni mò ń lọ. Tí kì í bá ṣe ìdágbére ni wọ́n fi ṣe, owó ọ̀yà ni. Kí lo sọ fún un nípa ọwọ́ mi? Pé ó ti ń falẹ̀?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni a ti jọ wà, ọ̀rẹ́ mi."

"Ìyẹn ni mo ṣe ń béèrè."

Verna ṣe gbogbo àlàyé tó mọ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú rẹ̀ ni etí lè gbà? Pé ará Japan kan kò mọ̀ pé àwo ń padà sílé? Pé wọ́n ń fi ọṣẹ parí ọ̀fọ̀? Bí Buck bá sọ ọ́ nínú eré, obìnrin inú àpótí á rẹ́rìn-ín, á sukè.

Nínú oṣù kìíní, ẹ̀rọ dé. Ó gùn, aláwọ̀ òféèfé ni, kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni. Arlene kó àwọn ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sínú àpò, ó kí gbogbo ènìyàn, ó fo Verna. Nídìí tábìlì oúnjẹ, àwọn ènìyàn ń sún mọ́ra wọn bí Verna bá ń bọ̀. Àyè tó kù ò gba ìdí ènìyàn. Wade tó máa ń pè é ní ìyàwó Emil wá ń pè é ní Ìyáàfin Hlavaty. Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ní ìjókòó ìkẹyìn, ìjókòó tó bẹ̀rù títí pé wọn yóò gbà lọ́wọ́ òun.

Ní Marlow Fork, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, bí òkú ni wọ́n ń ṣe é. Oúnjẹ ń lọ. Verna se makaróní àti ẹja, ó fọ́ ọ̀dùnkún díndín sórí rẹ̀, ó lẹ tépù tuntun mọ́ ìdí àwo, ó sì gbé e lọ. Arlene ṣílẹ̀kùn, ó wò ó. Ó gba àwo náà, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ọkàn Verna fúyẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó gba àwo yóò dá àwo padà, bó bá sì ń dá a padà, ọ̀rọ̀ lè jáde lẹ́nu.

Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tó rí i láti òkèèrè lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Àwo náà ti padà. Ó sún mọ́ ọn. Makaróní wà nínú rẹ̀ bó ṣe gbé e lọ, ṣíbí ò kàn án, ọ̀dùnkún díndín orí rẹ̀ ò yẹ̀. Nínú gbogbo ayé rẹ̀ ní ìlú yẹn, kò rí àwo tó padà pẹ̀lú oúnjẹ rí.

Ó gbé e wọlé. Ó tẹ́ ọ̀kan nínú àwọn táwẹ̀lì Tomoe sórí tábìlì, ó gbé àwo lé e, ó sì bu oúnjẹ náà ní tútù. Ó tan tẹlifíṣọ̀n kí ohùn ènìyàn lè wà nínú ilé. Buck Tolliver ń ké, Sato ń tẹríba, obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó sukè. Ojú Buck pọ́n jù, ó pọ́n bíi ti ẹni tí ibà mú. Verna wò ó títí oúnjẹ inú abọ́ rẹ̀ fi tán. Ìka rẹ̀ ò yún un. Kò dìde lọ yí nǹkan kan.